Táwẹ̀lì Tí A Kì í Fọ̀

Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ olùkọ́ kan níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ní kí ọmọ tó ń wúkọ́ lọ sinmi nílé, àti pé ó fọ táwẹ̀lì tó dọ̀tí. Wọ́n ní kí ó lọ máa dúró lẹ́nu géètì, kí àwọn ọmọ lè máa rí i láràárọ̀, kí wọ́n fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Kò jalè. Kò na ọmọ ọlọ́mọ. Kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, n kò bù mọ́ ọn.

Ẹ máa bi mí pé, irú èèyàn wo ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni nítorí pé ó fọṣọ? Ẹ rọra. Èèyàn ńlá ni, a kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀ èèyàn ńlá.

Oyè rẹ̀ ní kíkún ni Alábòójútó Àgbà Pátápátá fún Ìmọ́tótó Imú, Ọ̀fun àti Ìwà Ọmọlúàbí ní Gbogbo Ilé-Ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ń pè é tó bá dé "Ọ̀fun" gbọ́dọ̀ dúró mí kí ó tó máa bá a lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì kò ráyè gbogbo ìyẹn. Ọ̀gá Má-Sín ni wọ́n ń pè é, nígbà tí kò bá sí nítòsí.

Ó yẹ kí ẹ rí ọ́fíìsì rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ nípọn débi pé àlejò ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń la ẹrẹ̀ kọjá. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ àga àlejò díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó kí orí rẹ̀ bá ti Ọ̀gá dọ́gba. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìkarùn-ún wà lókè àjà, fún àlejò tí ọ̀rọ̀ bá sú tó bá gbójú sókè wá Ọlọ́run. Igbákejì rẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì náà pẹ̀lú, ọkùnrin tínínrín kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Gbígbà sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti di bárakú fún un. Bí fáànù bá ń yí lọ yí bọ̀, òun náà á máa mi orí sí i.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òtútù dé, ọ̀fìnkìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn dókítà wá bá Alábòójútó. Ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀: kí àwọn ọmọ máa fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọwọ́, kí wọ́n máa fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu bí wọ́n bá ń wúkọ́ tàbí tí wọ́n bá ń sín, kí wọ́n ṣí fèrèsé kíláàsì sílẹ̀, kí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá dúró nílé títí ara rẹ̀ yóò fi le.

Alábòójútó dijú gbọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n parí, ó la ojú.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dára. Níbo ni èmi wà nínú rẹ̀?"

Wọn kò kọ́ àwọn dókítà nírú ẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Bí wọ́n ṣe jáde, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ tò, ó tún ọ̀fun ṣe. Títún ọ̀fun ṣe nìkan gba àkókò tí èèyàn lè fi sun oorun díẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin ọmọ ogun ìmọ́tótó! Kí ni ọ̀fìnkìn? Àwọn aláìmọ̀kan ní àìsàn ni. Irọ́ ni! Àìgbọ́ràn ni! Imú tó gbẹ̀kọ́ kì í ṣàn. Ẹ wo èmi. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, n kò sín rí."

"Háà!" ni gbogbo wọn ké.

"Mo jẹ́rìí sí i, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. "Èmi gan-an, bí sísín bá fẹ́ gbé mi, mo máa ń bi ara mi pé, kí ni Ọ̀gá á ṣe? Ni yóò bá padà wọlé."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Omi lé ròrò sí Alábòójútó lójú. "Ó padà wọlé!"

Ibẹ̀ ni ó ti pàṣẹ. Wọ́n á tẹ àwòrán ojú rẹ̀ sára táwẹ̀lì funfun, táwẹ̀lì kan fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Láràárọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò tò, yóò fi táwẹ̀lì náà nu ọwọ́, ojú àti imú rẹ̀. "Imú tó bá ti fara kan ojú mi," ó ní, "yóò tijú láti ṣàn." Ọmọ tó bá sín, kí gbogbo àwọn tó kù pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Aláìgbọ́ràn!" Kí wọ́n ti fèrèsé pa, kí atẹ́gùn má baà máa gbá ojú Ọ̀gá síbí gbá a sọ́hùn-ún lára ìṣó tí wọ́n fi í kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ní àga òfìfo kankan ni yóò sì gba Àsíá Aláìsín.

Akọ̀wé kan nawọ́. "Sà, bí táwẹ̀lì bá dọ̀tí ńkọ́? Ta ni yóò máa fọ̀ ọ́?"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà fò dìde.

"Fọ kí ni? Ta ni yóò ri ojú Ọ̀gá bọ inú omi ọṣẹ? Ta ni yóò gbo ó, tí yóò fún un, tí yóò sá a sóòrùn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Báyìí ni táwẹ̀lì náà di ohun tí a kì í fọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí pé ọmọ tiyín lè ti fi í nu imú.

Ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ọ̀fìnkìn mú àbíkẹ́yìn Alábòójútó nílé. Ẹ mọ ohun tí bàbá ẹ̀ wí? "Kó má lọ sílé-ẹ̀kọ́ o. Ẹ ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀. Ẹ jẹ́ ó sinmi dáadáa, ọmọdé ṣáà ni." Ọmọ tirẹ̀ ń ṣàìsàn, tàwọn ẹlòmíràn ń ṣàìgbọ́ràn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ olùkọ́ wa. Ọ̀dọ́bìnrin ni, kíláàsì kejì ló ń kọ́, Àǹtí ni àwọn ọmọ sì ń pè é. Nínú kíláàsì rẹ̀, ọmọbìnrin aránṣọ kan wà tí wọ́n sọ ní Ìyá Àgbà, nítorí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà rọra wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Àǹtí, ara mi kò ṣe dédé lónìí o. Orí ń fọ́ mi, ẹsẹ̀ mi sì lóun kò lè gbé mi."

Àǹtí fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó gbóná. Ikọ́ bọ́ lẹ́nu ọmọ náà, gbígbẹ, bí ẹni ń gbá pákó.

"Lọ sílé, màmá mi. Sọ fún ìyá rẹ pé kó jẹ́ o sinmi, kó máa fún ọ lómi mu dáadáa. Tí ara rẹ bá le, padà wá."

"Àga mi ńkọ́? Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣófo."

"Àga kì í ṣàìsàn. Máa lọ."

Lẹ́yìn náà ló bojú wo táwẹ̀lì ilé-ẹ̀kọ́, tó wà lára ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ikun ti gbẹ mọ́ ọn, ó le gbagidi, ó lè dá dúró láìsí ìṣó. Àǹtí gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a. Àwọ̀ tí wọ́n fi tẹ àwòrán náà kì í ṣe ojúlówó. Ojú Ọ̀gá kù, etí kù, ṣùgbọ́n irunmú ti bá omi lọ.

Àfi bí ẹni pé wọ́n ta á lólobó, ọjọ́ náà gan-an ni Alábòójútó yàn láti bẹ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn wò.

Ó ní àṣà kan. Ilé-ẹ̀kọ́ yòówù tó bá dé, yóò kọ́kọ́ mú táwẹ̀lì ibẹ̀, yóò fi nu ojú ara rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè rí i pé ojú ńlá àti àwòrán rẹ̀ ti pàdé. Ó mú un, ó gbé e sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ta ló fá irunmú mi?"

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, màmá kan tí Àsíá Aláìsín ti wọ̀ lójú, yára dá sí i. "Sà, ó lè jẹ́ oòrùn ni, sà."

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́, sà," ni Àǹtí wí, ó sì kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ kú àárọ̀, sà."

"O fọ kí ni?"

"Táwẹ̀lì, sà. Ikun ti pọ̀ lára rẹ̀. Bí gbogbo àwọn ọmọ bá ń fi í nu imú, ẹni kan tó bá ní ọ̀fìnkìn á fi ran gbogbo wọn."

"Ó pe Ọ̀gá ní táwẹ̀lì!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà káwọ́ lérí. "Yéè! Ó ní ikun wà lára Ọ̀gá!"

Alábòójútó na ìka sí ìjókòó kan. "Ta ló ni àga òfìfo yẹn?"

"Ọmọ aránṣọ ni, sà. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́. Mo ní kó lọ sinmi."

"Ta ló fún ọ láṣẹ láti fún ikọ́ ní ìsinmi?" Ohùn rẹ̀ mi fèrèsé tí wọ́n tì pa. Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ̀yin ọmọ, kí ni Àǹtí yín?"

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ìbéèrè náà kò yé wọn.

"Àǹtí wa ni, sà," ni ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Mo ní kí ni ó jẹ́!"

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yára gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Bó ṣe kọ́ wọn nìyẹn láràárọ̀: bí ọwọ́ òun bá ti gòkè, kí ariwo ó sọ. Àwọn ọmọ ríwọ́. "Aláìgbọ́ràn," ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò jáde tán, àwọn kan sì dorí kodò sórí tábìlì kí Àǹtí má baà rí ẹnu wọn.

Ó rí i. Kò sunkún. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bọ́ síta. Èérún ṣọ́ọ̀kì kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rántí gbé e kalẹ̀ títí tó fi dé ẹnu géètì.

Wọ́n kó àwọn ọmọ kíláàsì kejì mọ́ ti kíláàsì kẹta, ọmọ mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì, fèrèsé ní títì. Afẹ́fẹ́ tí ẹnì kan bá mí síta ni ẹlòmíràn ń mí sínú. Kò pẹ́, ikọ́ dórin, wọ́n ń gbè é fún ara wọn láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì. Ọmọ tí sísín bá ń gbé á di imú rẹ̀ mú títí ojú á fi pọ́n. Kò sẹ́ni tó dúró nílé, nítorí àsíá. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí aránṣọ pé kí ó mú ọmọ rẹ̀ wá.

"Ọmọ mi ń gbóná bí ààrò," ni aránṣọ wí.

"Ẹ jẹ́ kó wá máa gbóná lórí àga rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà ṣe dé ẹnu géètì pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ara ti le ni?"

"Rárá o, Àǹtí. Àsíá ni mo wá bá wọn gbà."

Àǹtí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fẹ́ dá a padà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ já ọwọ́ ọmọ náà gbà. "Kì í ṣe kíláàsì tìẹ mọ́. Dúró síbi tí wọ́n fi ọ́ sí." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àyà ọmọ náà ti dì, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ mìíràn ni wọ́n gbé sórí àga rẹ̀. Àga kò ṣófo. Wọ́n yege fún àsíá.

Mo ní láti dẹ́kun ẹ̀rín díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n máa bá a lọ.

Ọjọ́ gbígba àsíá pé. Mínísítà wá fúnra rẹ̀, ó jókòó síwájú pátápátá nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo ọmọ dúró gbọnrangandan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, orí Alábòójútó ti wúwo. Ó ti káàkiri ilé-ẹ̀kọ́, ó ti fi gbogbo táwẹ̀lì wọn nu ojú. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n òun rò pé ọgbọ́n ló kún orí òun. Imú rẹ̀ ń yún un. Ó rò pé ayọ̀ ni.

Ó gorí pèpéle.

"Ọlọ́lá jù lọ, Mínísítà wa, oòrùn tí kì í wọ̀! Mo dúró níwájú yín lónìí lórúkọ imú tó gbẹ àti ọ̀fun tó mọ́. Mo ti ṣẹ́gun ọ̀fìnkìn! Mo lé e, ó sá! Ó bẹ̀ mí, n kò gbọ́! Láti ìgbà tí mo ti gorí àlééfà, kò sí imú kan, kò sí... kò..."

Ó dúró. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ padé, ihò imú rẹ̀ fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà rò pé ẹkún ìmọrírì ló ń gbé Ọ̀gá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"HÀÀÀTÍNṢÌN!"

Kò fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu. Ta ni ì bá kọ́ ọ? Gbogbo rẹ̀ balẹ̀ sórí jígí ojú Mínísítà.

"ALÁÌGBỌ́RÀN!" ni àwọn ọmọ dáhùn.

Irú ohùn kan ṣoṣo yẹn! Wọ́n kọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Alábòójútó na ìka. "Ta ló... ẹ dákẹ́! Èmi... HÀÀTÍNṢÌN!"

"ALÁÌGBỌ́RÀN!"

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fò dìde, ìpayà bá a, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè pé kí wọ́n dákẹ́. Ẹ gbà mí o! Àwọn ọmọ ríwọ́.

"ALÁÌGBỌ́RÀN! ALÁÌGBỌ́RÀN!"

Bí ó ṣe ń na ọwọ́ sí i ni ariwo ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sáré gbé táwẹ̀lì wá. Alábòójútó gbà á, ó fun imú sára àwòrán ojú ara rẹ̀. Nínú ìrúkèrúdò náà, Bẹ́ẹ̀ni-Sà tún gba táwẹ̀lì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Mínísítà, Mínísítà sì fi nu jígí, ó fi nu ẹnu.

Níta, lẹ́nu géètì, Àǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn wọn jáde tán.

Kò pẹ́ tí Mínísítà fi sín nílé ìgbìmọ̀. Gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń wúkọ́, ọmọ aránṣọ ti sùn sílé ìwòsàn, ìjọba ní kò sí nǹkan. Mínísítà sín, ilẹ̀ mì. Wọ́n gbé Alábòójútó lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, ó di alábòójútó àwọn àga tó ti kán. Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, mo gbọ́. Nílé, ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn mọ́ ọn: "Bàbá wọn, ẹ dúró síbẹ̀ títí ara yín á fi le. Ẹ sì fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu, ọmọ wà nílé."

Ta wá ni wọ́n gbé sórí àga rẹ̀? Ẹ ti mọ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Ó ti yọ àwòrán márààrún. Ti Mínísítà ló fi rọ́pò wọn.

Ó dé ilé-ẹ̀kọ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ tò síta. Ìyá Àgbà wà láàárín wọn. Ó ti padà, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Bẹ́ẹ̀ni-Sà bá Àǹtí lẹ́nu géètì, táwẹ̀lì tuntun lábẹ́ abíyá.

"Àbúrò mi dáadáa! Inú mi kò dùn sí ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe fún ọ. Mo sọ fún un nígbà náà, kò gbọ́."

"Ẹ ò sọ nǹkan kan, sà. Ẹ̀yin lẹ ké yéè."

"Ìnira ló mú mi ké e. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé. Wọlé, máa kọ́ kíláàsì rẹ. Rọra gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni, kò nílò ariwo."

"Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọmọ lẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi. Níwájú àwọn ọmọ ni kí ẹ ti dá a padà. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò ṣẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé kò yẹ kí wọ́n fà á wá síbí pẹ̀lú àyà tó ń dùn ún."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jọ ti ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ gan-an. "Ṣé ìjọba ni yóò máa bẹ ọmọdé? Gba èyí tí mo fi lọ̀ ọ́, kó má di pé o kò rí géètì gan-an dúró sí. Àti pé gba táwẹ̀lì yìí, kọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ." Ó tú u. Ojú Mínísítà hàn, ó ń dán. "Èyí náà, a kì í fọ̀ ọ́ o."

Àǹtí wo kíláàsì rẹ̀ lókèèrè. Ó wo ìlà àwọn ọmọ. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba táwẹ̀lì, ó dúpẹ́ dáadáa bí wọ́n ṣe tọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ó gba àárín àwọn ọmọ kọjá, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó fa bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, ó ṣí omi, ó po ọṣẹ sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń pariwo bọ̀ láti ẹnu géètì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọmọ kankan tó lanu.

Àǹtí ká apá aṣọ rẹ̀, ó ri táwẹ̀lì tuntun náà bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbo ó. Ibi imú Mínísítà ló ti bẹ̀rẹ̀.